Ìwé Tí Mo Béèrè

Ìwé ni mo ní kó fi ránṣẹ́ sí mi. Mi ò béèrè aṣọ, mi ò béèrè bàtà, mi ò béèrè ìkòkò onídẹ tí àwọn tí ọkọ wọn wà ní Abidjan fi ń yangàn. Ìwé lásán, abala kan, kódà kó jẹ́ ààbọ̀ abala. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí agbada gàrí, tí ẹ ń ní Ìyábùnmi fẹ́ràn aago ọwọ́ ju kó lọ́kọ lọ, ẹ fetí sílẹ̀ lónìí kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ín. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí ẹnikẹ́ni bá tún fi mí rẹ́rìn-ín, èmi àti onítọ̀hún á jọ wọ ṣòkòtò kan náà.

Ará Tatonnonkon ni Marcellin, àfẹ́sọ́nà mi, ọmọ àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Fàdá. Ní ilé tiwa ní Massè, Ògún ni à ń bọ, bàbá mi Ògúnjọbí kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe kàmáráàdì délégué, aṣojú ìjọba, tó ń ní ká jáwọ́ nínú nǹkan àtijọ́. Ẹ̀sìn ò da nǹkan kan rú láàárín èmi àti Marcellin. Ọdún méjì gbáko ló fi kọ ebè lóko bàbá mi bí ẹni tó ń fẹ́ ọmọ wọn ti í ṣe, tó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lórí ebè, tí bàbá mi ń rẹ́rìn-ín pé àṣé Ọlọ́run àwọn Fàdá náà mọ orin.

Ẹnu ni Marcellin fi mú mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Bó bá ń sọ̀rọ̀, gàrí á jóná lórí iná, mi ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní bíìkì àti ìwé, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ó kàwé dé CM2, ìparí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó yege, ó mọ Faransé í kọ. Ó kàn ní ọ̀rọ̀ tí òun bá ti kọ sílẹ̀ kì í jọ ọ̀rọ̀ òun mọ́. Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa kọ̀wé, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, "Ìyábùnmi, oṣù mẹ́wàá péré ni. Ẹnu ara mi ni mo máa fi sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ nígbà tí mo bá dé." Abidjan ló ń lọ, kó lè rí ohun tó máa fi ṣe ìdáná.

Kò tíì lò tó oṣù mẹ́ta níbẹ̀ tí Gáná fi ti ẹnubodè rẹ̀ pa. Ọkọ̀ tó ń ti Abidjan bọ̀ kò rí ọ̀nà kọjá mọ́, àfi ẹni tó bá lágbára láti wọ ọkọ̀ ojú omi. Oṣù mẹ́wàá kọjá. Ọ̀dá dá lọ́dún yẹn, àgbàdo gbẹ lóko, iná jó ọ̀pẹ níhà Ikpinlè. Mo ń ro gbogbo ìyẹn lọ́kàn mi láti fi sọ fún un, mo ń tò ó jọ bí ẹni ń to igi ìdáná. Ojú rẹ̀ ń pọ́n mi. Mo ń ṣàfẹ́rí ohùn rẹ̀ débi pé bí ẹnikẹ́ni bá kọrin lójú ọ̀nà oko, màá dìde.

Nígbà tó di oṣù kẹrìnlá ni Victorine dé. Oníṣòwò aṣọ ni Victorine, ará Pobè, ó máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Kútọnu lọ sí Abidjan. Ó bá mi nídìí agbada, ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú áńkáṣíìfù kan jáde.

"Ọkọ rẹ ní kí n fún ọ."

Mo tú u. Aago ọwọ́ ni, aago ọkùnrin, ńlá, ó ń dán yinrin, orúkọ òyìnbó kan wà lójú rẹ̀, nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọn áńkáṣíìfù náà. Mo yí i sí òdì. Mo tún un gbọn.

"Ìwé ńkọ́?"

"Ìwé wo?" ni Victorine wí. "Kò kọ nǹkan kan. Ó ní kí n kí ọ. Ó ní ara òun le, kí o máa wo aago."

Kí n máa wo aago! Oòrùn Massè ò ha tó mi í wò ni? Mo bínú títí ojú mi ṣú. Síbẹ̀ mo dè é mọ́ apá mi lókè ìgbọ̀nwọ́, torí ó tóbi jù fún ọrùn ọwọ́ mi, tí ilé bá sì dá ní ọ̀sán, màá gbé etí lé e. Ó ń dún kẹ́ kẹ́ kẹ́. Ohun tó ń sọ, mi ò gbọ́ ọ.

Bàbá mi wo aago náà títí, ó ní, "Ó dára. Kí ló wí?"

"Ó kí yín, Bàbá. Ó ní ara òun le."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Victorine."

Bàbá mi tu itọ́ sílẹ̀. "Ìyábùnmi, Victorine kọ́ ló ń fẹ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí èrò ọkọ̀ gbé wá, afẹ́fẹ́ ni. Ayé ìwé la wà báyìí. Bí mo bá fẹ́ gbé adìyẹ mẹ́ta lọ sí Nàìjíríà, wọn a ní ìwé dà. Bí mo bá gbé èkùrọ́ lọ síbi ìwọ̀n ìjọba, ìwé dà. Ọmọ mi wá ni yóò jókòó láìní ìwé? Kí Marcellin fi ìwé ránṣẹ́, kó wí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí àgbàdo ọdún tó ń bọ̀ bá gbó tí mi ò rí ìwé, Oyèlẹ́yẹ ni mo máa fi ọ́ fún." Ìyá mi Ẹfúnwùmí jókòó níbẹ̀, kò lanu. Nígbà tí ìyá mi kò bá lanu, ó ti fọwọ́ sí i nìyẹn.

Oyèlẹ́yẹ, ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ Ikpinlè tó ń dá ẹmu. Wàhálà Oyèlẹ́yẹ ni pé kò ní àléébù. Ká ní ó jẹ́ ọ̀lẹ ni, ká ní ó ń lu èèyàn, èmi ni n bá kọ́kọ́ yọ. Ó ń bá bàbá mi ṣán oko láìsọ̀rọ̀, ó ń gbé omi fún ìyá mi, tó bá kí mi, ilẹ̀ ló ń wò. Kí lèèyàn fẹ́ fi bú irú ẹni bẹ́ẹ̀? Àfi pé tó bá wọlé, ọkàn mi kì í dìde.

Lọ́jọ́ ọjà, mo gba Ikpinlè lọ bá Fòfó Rogatien. Fòfó ni gbogbo wa ń pè é, bí àwọn Gùn ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, torí Àjàṣẹ́ ló ti kọ́ṣẹ́. Aago ló ń tún ṣe. Òun náà ló ń bá àwa tí a kò lọ sí ilé ìwé kọ̀wé ní Faransé. Ṣùgbọ́n àìsàn rẹ̀ ni aago ayédèrú. Àwọn aago tí wọ́n ṣe ní àfarawé ti àwọn ọlọ́lá, ó ń kó wọn jọ, mọ́kànlá ló ní, ó ń fi ègé aṣọ wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò níyàwó. Ẹ̀gàn kọ́ o, mo kàn ń sọ ọ́ ni.

"Ìyábùnmi, ọmọ Ògúnjọbí! Iná wo ló ń lé ọ bọ̀?"

Mo tú aago lápá, mo gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fi awò kékeré iṣẹ́ rẹ̀ sójú, ó mí kanlẹ̀.

"Ayédèrú ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n ayédèrú tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Wo ọwọ́ rẹ̀ bó ti ń rìn!"

"Fòfó, ìyẹn kọ́ ló gbé mi wá. Marcellin fi aago ránṣẹ́, kò fi ìwé sí i."

Ó sọ awò kalẹ̀. "Kò fi ìwé sí i?"

"Rárá o."

"Àpótí rẹ̀ ńkọ́?"

"Áńkáṣíìfù ló fi wé e."

"Háà! Marcellin ò ṣe dáadáa." Ó fọwọ́ lérí. "Kò ṣe dáadáa rárá!"

Ẹ ò mọ bí inú mi ti dùn tó. Láti ọjọ́ tí aago ti dé, gbogbo ayé ló ń sọ fún mi pé kí n dúpẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó mọ ibi tó ń dùn mí rèé. Mo fa àpótí ìjókòó, mo jókòó tì í.

Ni Fòfó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti àwọn aago rẹ̀. Mo jẹ́ kó máa sọ ọ́, torí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bá òun kọ̀wé á ní sùúrù. Ó ní mọ́kànlá tí òun ní, méjì péré ló ní àpótí, kò sí ọ̀kan tó ní ìwé tó bá a mu, ohun tí kì í jẹ́ kí òun sinmi nìyẹn. Ó ní kì í ṣe òun nìkan. Àwọn kàmáráàdì tó ń lọ sí ìpàdé ní Pobè, tí wọ́n ń bú ọlà àwọn òyìnbó lórí àga, tí aago góòlù ń dán lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀wù wọn, wọ́n ń wá bá òun pé, Fòfó, ṣé o lè bá wa wá àpótí àti ìwé rẹ̀?

"Bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ayédèrú ni," mo wí.

"Wọ́n mọ̀!"

"Kí ni wọ́n wá fẹ́ fi ìwé ṣe?"

Ó rò ó díẹ̀. "Ìyábùnmi, ẹni tó ra ojúlówó lè sọ àpótí nù, ó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Ẹni tó ra ayédèrú ló ń wá àpótí kiri. Bó bá jókòó ní òun nìkan, tó ṣí àpótí, tó rí i pé nọ́ńbà ẹ̀yìn aago àti nọ́ńbà inú ìwé bára mu, ara á tù ú. Ó mọ̀ pé irọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n wọ́n bára mu, ṣé o rí i? Nǹkan kan láyé yìí bára mu fún un."

Mo ní, "Ó dára, Fòfó. Ẹ mú bíìkì." Mo ń sọ, ó ń kọ. Mo ní kó kọ ọ́ pé aago dé ọwọ́ mi, kò sí ìwé pẹ̀lú rẹ̀. Pé ìwé ni mo fẹ́, ìwé náà ló ká mi lára ju aago lọ. Pé bàbá mi ní bí òun kò bá rí ìwé kí àgbàdo tó gbó, òun á fi mí fún ẹlòmíràn.

Fòfó gbé bíìkì sókè. "Ògúnjọbí ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó ní ayé ìwé la wà."

"Bàbá rẹ gbọ́n! Èmi ò mọ̀ pé ó lóye nǹkan tó báyìí."

Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó kà á sókè. Mi ò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n "papíyé", ta ni kò gbọ́ ọ? Gbogbo duwáníẹ́, àwọn aṣọ́bodè, ló ń pariwo rẹ̀ mọ́ èèyàn lójú ọ̀nà. Papíyé ni ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ papíyé nínú ohun tó kà. Mo ní kó fi ọ̀kan kún un, ó fi kún un. Victorine gbé e lọ. Mo ń rìn padà sí Massè, mo ń kọrin.

Mo wá dúró. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dúró de ẹnikẹ́ni rí, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín. Mo ń ro ohun tó máa kọ. Mo ń ṣe ìwé náà fúnra mi lórí iná, abala lẹ́yìn abala. Lọ́jọ́ kan màá ní ó máa gùn, yóò tọrọ ìdáríjì, yóò sọ yàrá tó ń sùn àti irú ọbẹ̀ tó ń jẹ. Lọ́jọ́ mìíràn, kò gùn mọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Dúró dè mí. Ìyẹn tó mi. Pẹ̀lú ìyẹn, mo lè jókòó níwájú bàbá mi kí n gbé orí sókè. Òjò padà wá, a gbin àgbàdo, ó yọ irùkẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, mo ń wò ó bí ẹni ń wo ọ̀tá. Oyèlẹ́yẹ ló bá wa ro ó.

Bàbá mi dá ọjọ́. Ọ̀la ni àwọn ará ilé Oyèlẹ́yẹ ń bọ̀ wá gbọ́ èsì, òní ni Victorine dé.

Ó gbé àpótí kékeré kan fún mi, aláwọ̀ ewé, aṣọ múlọ́múlọ́ ni wọ́n fi bò ó. Mo ṣí i. Ìwé! Ìwé wà nínú rẹ̀, tó nípọn, tí wọ́n ká sí méjì, tí òǹtẹ̀ pupa wà nídìí rẹ̀! Mo fò sókè, mo dì mọ́ Victorine, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú sínú agbada. Gàrí jóná. Kó jóná! Ará àdúgbò kan tó ní alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì ń lọ sí Ikpinlè, mo gun ẹ̀yìn rẹ̀, mo di àpótí náà mọ́ àyà.

Fòfó Rogatien kò tilẹ̀ kí mi. Ó gba àpótí, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ṣí ìwé, ó ní kí n tú aago lápá, ó wo ẹ̀yìn aago, ó wo ìwé, ó tún wo ẹ̀yìn aago. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Wọ́n bára mu," ó ní.

"Kí ló wí, Fòfó?"

"Méje, mẹ́rin, ọ̀kan, ọ̀kan, mẹ́sàn-án, mẹ́ta. Wò ó. Wo ti ẹ̀yìn aago. Ìyábùnmi, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé!"

"Mo gbọ́. Lẹ́yìn nọ́ńbà ńkọ́? Níbo ni orúkọ mi wà?"

"Orúkọ rẹ?" Ó wò mí. "Kí ni orúkọ rẹ ń wá nínú ìwé aago?"

Ọjà ń hó, ẹnì kan ń dúnàádúrà ewúrẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo ní, "Ìwé aago. Fòfó, ta ló béèrè ìwé aago?"

"Ìwọ ni! O jókòó síbí, o ní ó fi aago ránṣẹ́, kò fi ìwé sí i."

"Ìwé, Fòfó! Ìwé! Kó kọ ọ́! Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí mi pé kí n dúró!"

Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo rí i bó ti ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀. Ó jókòó. Ó ní, "Yéè. Papíyé ni mo kọ. Mo ní papíyé aago. Mo ní bàbá rẹ fẹ́ rí papíyé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní fi ọ́ fún un."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bú u. Àgbà ni, mi ò lè pè é ní ìwọ, nítorí náà ẹ̀yin ni mo fi bú u láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ̀yin olórí aago yìí! Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ọkọ yàtọ̀ sí ìdè aago! Ẹ ti ba ayé mi jẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o! Àwọn ọlọ́jà yíjú sí wa. Nígbà tí ó rẹ̀ mí tí mo bú sẹ́kún, Fòfó tẹ́ ìwé náà síwájú mi jẹ́jẹ́.

"Wo ibí yìí," ó ní. "Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ ìyókù. Nọ́ńbà yìí, wọ́n ha tàtẹ̀yìnwá kúrò, wọ́n wá fi bíìkì kọ tuntun kó lè bá aago mu. Kì í ṣe ọwọ́ oníṣẹ́. Ọwọ́ tó kọ ọ́ gbọ̀n. Òógùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mẹ́sàn-án yìí rẹ́."

Mo wò ó. Mi ò mọ ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ òógùn tó pa mẹ́sàn-án. Mo rí i níbi tó jókòó sí ní Abidjan, tí ẹ̀rù ń bà á pé bàbá mi ti mọ̀ pé ayédèrú ni òun fi ránṣẹ́, tó ń wá àpótí kiri lẹ́yìn iṣẹ́, tó wá ìwé, tó di bíìkì mú, tí ọwọ́ rẹ̀ ń làágùn. Fún mi ni gbogbo rẹ̀. Inú mi yọ́. Lẹ́yìn náà inú tún bí mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó lè kọ méje, ó lè kọ mẹ́rin, kò lè kọ dúró?

Mo nu ojú. Mo ká ìwé náà sínú àpótí. Mo ní, "Fòfó, ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ń bọ̀ ní Massè wá kà á fún bàbá mi."

"Kí n ka kí ni? Nọ́ńbà?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Mi ò mọ ohun tí mo ń rò, kí n má purọ́. Mo kàn mọ̀ pé bàbá mi sọ pé ìwé, ìwé sì rèé.

Nígbà tí oòrùn ràn dáadáa lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti pé sí àgbàlá wa. Bàbá mi jókòó, ìyá mi jókòó, Oyèlẹ́yẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àbúrò bàbá rẹ̀, Ṣàngóbíyì, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ń dún bí àáké. Wọ́n ti gbé ẹmu wá. Fòfó Rogatien wọ ẹ̀wù funfun, ó dúró bí ẹni tí wọ́n mú wá sí ìdájọ́.

Mo kúnlẹ̀, mo gbé àpótí síwájú bàbá mi. Mo ní, "Bàbá, ìwé dé lánàá."

Ṣàngóbíyì bú sẹ́rìn-ín. "Ó dé lánàá òde yìí? Ìwé tó mọ ọjọ́ ni! Ta ló mọ̀ bóyá ẹ̀yìn agbada ni wọ́n ti kọ ọ́? Ta ló rí Marcellin tó kọ ọ́?"

Bàbá mi gba ìwé náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ó mọ nọ́ńbà, torí ìwọ̀n èkùrọ́. Ojú rẹ̀ dúró síbì kan.

"Nọ́ńbà wo rèé?"

Kí n tó lanu ni Fòfó ti bọ́ síwájú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí Ìyábùnmi tú aago apá rẹ̀, Bàbá. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀." Mo tú u. Bàbá mi gbé aago sápá kan, ìwé sápá kejì. Ó ń fi ìka tọ́ ọ, ó ń kà á sókè bó ti máa ń ka ìwọ̀n. Méje, méje. Mẹ́rin, mẹ́rin. Ọ̀kan. Ọ̀kan. Nígbà tó dé mẹ́ta, ó gbé aago náà fún Ṣàngóbíyì. Ṣàngóbíyì náà kà á. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹni tó fi aago ránṣẹ́ ló fi ìwé ránṣẹ́," ni bàbá mi wí. "Ó ti tán. Rogatien, kà á."

Fòfó gba ìwé náà. Ó wò ó pẹ́. Ilẹ̀ ni mo ń wò, mo ń dúró de ìgbà tó máa sọ pé, ẹ dárí jì mí, ìwé aago ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ojú rẹ̀ ń tọ ìlà dé ìlà, kò kánjú.

"Ìyábùnmi, mo kí ọ. Mo kí Bàbá, mo kí Ìyá. Ara mi le. Ìwé kì í yá mi lọ́wọ́, o mọ̀ bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ náà mọ̀. Gáná ló dí mi lọ́nà, kì í ṣe obìnrin. Mo gbọ́ pé iná jó ọ̀pẹ níhà Ikpinlè, mo ń ro ti oko Bàbá. Kò sẹ́ni tó ń bú mi níbí, Ìyábùnmi. Etí mi ti gbẹ. Bí mo bá rí obìnrin tó ń bínú lọ́jà, màá dúró, màá máa gbọ́ ọ, títí yóò fi ní kí ni mo ń wò. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, màá dé. Bó bá pẹ́, dúró dè mí. Bí wọ́n bá ní mi ò ní wá mọ́, dúró dè mí."

Ìyá mi ń fi etí ìró nu ojú. Bàbá mi mi orí, ó ní, "Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n sọ." Oyèlẹ́yẹ dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó ní bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, òun kò ní dúró sójú ọ̀nà ẹnikẹ́ni, kí wọ́n jọ̀ọ́ mu ẹmu náà. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ojú sì tì mí, nítorí kò ṣẹ̀ mí rí. Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀, ó lọ. Ṣàngóbíyì tẹ̀ lé e.

Ó ti tán. Mo ti rí ohun tí mo fẹ́: èmi náà lè jókòó báyìí kí n máa dúró, ẹnikẹ́ni ò ní bi mí. Ó sì yẹ kí inú mi dùn, ó yẹ kí n dìde lọ bu omi. Mi ò lè dìde. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé yẹn tó jẹ́ ti Marcellin, nọ́ńbà mẹ́fà ló kọ, èmi ni mo gbé e fún ẹni tó pa irọ́ yòókù, ẹ̀gbọ́n wa tí kò níyàwó, tó ń bá aago sọ̀rọ̀. Mo mọ̀. Fòfó ti ń ká ìwé náà padà sínú àpótí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú gbogbo wọn.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Fòfó. Ẹ tún un kà."